Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ fún Bàbá Goodness

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ fetí sí mi. Dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti ń ṣíwọ́ iṣẹ́. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Èmi Bámidélé Ògúnníyì, tí ẹ̀ ń pè ní Tíṣà Àgbà, tí ẹ fi ṣe alága níbi ayẹyẹ lóríṣiríṣi, tí ẹ ń sọ pé kì í ṣèké, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi irọ́ kan pamọ́ fún yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ka oríyìn sí òkú mi lórí kí n tó fi ẹnu ara mi tú u.

Ọdún 1996 ni. Ẹni tó bá ti gbọ́n nígbà náà kò ní gbàgbé. À ń tò fún epo láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, àwa tíṣà sì ń lọ dáko ní Ìjù kí ilé má baà sùn lébi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní iléèwé kan ní Àkúrẹ́, mo sì ń kọ eré orí ìtàgé. Eré ńláńlá ni mò ń kọ: ọba, ogun, ìjòyè, ẹkún. Bí àwọn èèyàn bá ń yán nígbà tí eré ń lọ, mo máa ń sọ fún ara mi pé òye wọn ni kò tó.

Ọmọ́níyì Adépọ̀jù jẹ́ ọmọ kíláàsì mi kó tó di tíṣà ní Oǹdó. Ó yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ya ìgbéyàwó, ó sì ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín kan tó pè ní Yunifọ́ọ̀mù Ò Gbà Mí Mọ́. Ọmọ iléèwé kan ló lóyún nínú rẹ̀. Kàkà kó máa sunkún, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé pé kí wọ́n wá bẹ́ǹṣì tó fẹ̀ fún òun, torí pé àwọn méjì ni àwọn ń jókòó. Ìyá àgbà rẹ̀ gbé àpò gààrí, ó so ó mọ́ ikùn ọmọkùnrin tó fún un lóyún, ó ní kò gbọdọ̀ tú u títí ọmọ yóò fi dé, kóun náà lè mọ bó ṣe ń wúwo. Ọmọkùnrin náà gbé gààrí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e lọ gbá bọ́ọ̀lù. Goodness Adélaní, ọmọ iléèwé kan ní Oǹdó, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló ṣe aboyún náà. Ìrọ̀rí ni wọ́n dì mọ́ ọn níkùn. Bàbá rẹ̀, olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oǹdó, kọ̀ jálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ́níyì wá bẹ̀ mí, mo sì bá a lọ síbẹ̀. Bàbá náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ní kò séwu, kò séwu. Ọwọ́ yín ni mo fi ọmọ mi lé o.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí àánú mi bá fẹ́ ṣe yín.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n méjì sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn kan ní Oǹdó. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi borí rẹ̀. Bí fídíò ṣe parí ni iyàn bẹ́ sílẹ̀. Alàgbà kan dìde, ó na ìka: “Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín! Ẹ fẹ́ sọ oyún di ẹ̀fẹ̀ fún àwọn ọmọ wa!” Nọ́ọ̀sì kan dá a lóhùn: “Bàbá, àwọn ọmọ tí ẹ ti dẹ́rù bà ni wọ́n ń gbé wá bá wa nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lè lanu sọ̀rọ̀.” Obìnrin kan ní ọmọ òun náà lóyún ní èṣí, òun ò mọ̀ pé èèyàn lè fi irú rẹ̀ rẹ́rìn-ín kó má kú. Àwọn ọ̀dọ́ pàápàá ò fẹnu kò. Àwọn kan ní kò jọ ayé gidi, pé ìyá àgbà ta ni yóò hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ìyókù. Fọlákẹ́mi ìyàwó mi ni mò ń wò. Ó ti rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ọdún méjìlá tí mo ti ń kọ eré, obìnrin yìí ò di ẹ̀gbẹ́ mú fún mi rí. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, ó ní, “Bàbá Ìbùkún, ọmọ yín yìí lẹ́bùn o! Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ máa ń pa gbogbo èèyàn nínú eré tiyín?” Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ń ta bí ẹni tí wọ́n da ata sí lójú egbò.

Lóṣù náà ni ìgbìmọ̀ tó ń yan eré tí yóò lọ sí àjọ̀dún kan ní Ìbàdàn jókòó. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń retí kí wọ́n mú tèmi. Wọ́n fi wákàtí mẹ́ta jà lórí fídíò Ọmọ́níyì, àwọn kan ní ìyanu ni, àwọn kan ní ìdọ̀tí ni, àwọn tó fẹ́ ẹ sì fi ẹnì kan péré borí. Ìjà yẹn gan-an ló dùn mí jù. Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí eré tèmi rí.

Ìyá Bọ́sẹ̀, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, a máa ti Oǹdó wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ò ní ìlẹ̀kùn. Lákòókò ìsinmi, mo mí kanlẹ̀, mo ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ Adélaní yẹn. Wọ́n ní ìrọ̀rí kọ́ ló wà níkùn rẹ̀ o.” Ó ní, “Ha! Ọmọ́níyì ni?” Mo gbójú sílẹ̀, mo ní, “Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.” Ẹ wo àgbàlagbà! Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀gá iléèwé tí Goodness ń lọ ti ní kó lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi rí ìdí ọ̀rọ̀. Ìdánwò àṣekágbá ku oṣù kan àbọ̀. Ọmọ́níyì sáré wá bá mi: “Tíṣà, ẹ gbà mí. Ẹnu yín ni wọ́n máa gbọ́.” Mo ní kó ṣe sùúrù, pé ariwo yóò rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá Goodness fúnra rẹ̀ dé. Kò rí ọkọ̀ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà débi pé òógùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀ gbindin. Ó ti mú ọmọ lọ sí ọsibítù. Ó fi ìwé àyẹ̀wò lé mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí ilé ẹjọ́ dá láre. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á! Wọ́n ní kò sí oyún. Kò sí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé iléèwé lọ́la, kí ẹ bá mi sọ ọ́.” Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Lórí tábìlì mi ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ wà, tí wọ́n kọ pé bí ọ̀rọ̀ Oǹdó ò bá yanjú, eré tèmi ni yóò lọ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ǹ bá ti fi òpin sí irọ́ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dá ìwé náà padà fún un, mo sì rọra bi í pé, “Kò sí ni, àbí kò sí mọ́?”

Ó wò mí. Kò kọ́kọ́ yé e. Mo rí i bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí àgbàrá ń wọ ilé. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé ó ti yọ ọ́ ni?” Mo ní, “Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín ni, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.” Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Bàbá náà ò bá ẹnikẹ́ni dé iléèwé mọ́. Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan ní Òkìtìpupa, Goodness ò sì jókòó ìdánwò. Àwọn géńdé kan kó kásẹ́ẹ̀tì Ọmọ́níyì síta, wọ́n dáná sun ún. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí Ìlọrin, kò sì gbé kámẹ́rà mọ́ títí ó fi kú. Eré tèmi lọ sí Ìbàdàn. Àwọn adájọ́ sùn. Ẹ sì wá gbọ́ ìyà tó jẹ owú mi: ní ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, nínú ọkọ̀, mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ ti ọmọkùnrin tó gbé gààrí lọ gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń kú fún ẹ̀rín. Mo ti sun iṣẹ́ náà, kò jóná.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí Ìbùkún ọmọ mi fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Oda nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí Goodness ti ń gbin irúgbìn kòkó tà fún àwọn àgbẹ̀. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Ìyá Bọ́sẹ̀ dé orí ìwé àyẹ̀wò. Ó ní, “Ọdún 2009 ni bàbá mi kú. Lórí ibùsùn rẹ̀, mo tún búra fún un pé mi ò lóyún nígbà yẹn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní òun ti dárí jì mí.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ìdáríjì yẹn ló dùn mí ju bó ṣe lé mi lọ.” Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀; ó di apá mi mú, torí pé ara mi ò le. Ó ní, “Ẹ̀yin wá sọ fún mi pé mi ò lóyún, sà. Èmi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún ni kí ẹ lọ bá.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bomi rin irúgbìn rẹ̀ lọ.

Ohun tó fà á tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iṣẹ́ ẹnì kan bá dùn ju tiyín lọ, tí ó ń ta yín lára, ẹ sọ ọ́ sí i lójú pé iṣẹ́ rẹ̀ ò wù yín. Ẹ bá a jiyàn ní gbangba títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ jà. Ẹ̀yin tí ẹ sì dàgbà, tí ẹ gbọ́ ọ nígbà náà, tí ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ bá ọ̀rẹ́ náà tó bá ṣì wà láyé. Ẹ sọ fún un pé Goodness Adélaní ò lóyún, kò sì yọ oyún kankan. Èmi Bámidélé Ògúnníyì ni mo purọ́ mọ́ ọn.