Ọbẹ̀ Tí Mo Fi Lé Sikirat Lọ

Bàbá Fatimah, ẹ jókòó. Sàbúrátù, gbé abọ́ oúnjẹ yẹn sílẹ̀ ná, mi ò lè jẹ ẹ́. Ìwọ Fatimah, ti ilẹ̀kùn, kí o sì súnmọ́ mi. Wíwú ẹsẹ̀ mi yìí ti ń gòkè bọ̀, dókítà ò sì purọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ ilẹ̀. Ẹ má dá mi dúró o. Bí ẹ bá dá mi dúró, màá tún purọ́, torí mo mọ ara mi.

Ẹ rántí Sikirat. Mo mọ̀ pé ẹ kì í dárúkọ ẹ̀ nínú ilé yín mọ́. Ìyàwó yín kékeré, Bàbá Fatimah, ìyá tó bí ọmọ yìí, tí ẹ lé padà sí Ìṣẹ́yìn lọ́dún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Enugu, torí wọ́n ní ó fi ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ àwọn àlùfáà níbi ìsọmọlórúkọ. Sikirat kọ́ o. Èmi ni.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí obìnrin tí kì í da oúnjẹ nù. Ní àdúgbò Asata níbí, "Ìyá Kò-gbọdọ̀-ṣòfò" ni wọ́n ń pè mí, inú mi a sì máa dùn. Ẹ wo inú dídùn burúkú! Ìgbà ìkórè ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀, Alfred ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, sì gbé àyà ẹ̀ wálé, tawọtawọ. Mo wo ohun tó ṣẹ́kù ní ilé ìdáná: ààbọ̀ àlùbọ́sà, tòmátì tó ti ń bẹ́, ìrù ẹja gbígbẹ, ẹ̀wà àná, ewé ugu tó ti rọ. Mo kó gbogbo ẹ̀ lé ẹran náà lórí, mo fi eérú bo èédú kí iná má baà le, mo dé e, mo fi í sílẹ̀ láti àárọ̀ títí ọkọ mi fi ti ọ́fíìsì réluwéè dé. Ẹran náà rọ̀ débi pé ṣíbí lásán ló ń gé e. A jẹ ẹ́ yó, ó wá ku omi ẹ̀ nínú ìkòkò, ó dì bí òrí. Ta ló máa da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù? Èmi kọ́.

Ọjọ́ kejì ni ìsọmọlórúkọ Kàmọ́rù, ọmọ tí Sàbúrátù, ìyálé Sikirat, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kò tíì lè dé ìdí iná, ló bá ní, "Màmá Dáìsí, ìwọ ni mo fọkàn tán. Bá mi se ọbẹ̀ yẹn." Èmi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni ó fi ìkòkò àwọn mùsùlùmí lé lọ́wọ́. Àwọn àlùfáà dú àgbò, Sikirat ń bá mi koná. Èrò wá pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, ará Ọ̀fà, ará Ìṣẹ́yìn, àwọn télọ̀ Artisan Market, gbogbo wọn ya dé. Mo bomi sí ọbẹ̀, mo tún bomi sí i, títí kò fi dùn lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n á ní Màmá Dáìsí ò mọ ọbẹ̀ sè. Mo rán Sikirat pé kó sáré lọ ra ata sí i ní Coal Camp. Èmi ni mo rán an o. Abọ́ onídèérí mi gan-an ni mo gbé lé e lọ́wọ́.

Bó ṣe jáde, mo wọ ilé tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín lọ gbé omi ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé omi lásán ni, pé màá sẹ́ ẹ, pé Ọlọ́run ò ní bá ẹni tí kò mọ̀ wí. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Mo dà á sínú ọbẹ̀ láìsẹ́ ẹ, mo sì rò ó pọ̀. Nígbà tí Sikirat dé, ó da ata tirẹ̀ sí i, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Háà, Màmá, kí lẹ fi sí i? Ó ti dùn!" Mo ní kó máa bù ú fún àwọn èèyàn.

Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ìka. Ẹ̀yin fúnra yín, Bàbá Fatimah, ẹ ké sí mi láti ìta pé, "Màmá Dáìsí, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọbẹ̀ yìí mà dùn o!" Mo rẹ́rìn-ín, èmi aláìnítìjú. Ìgbà yẹn ni àlùfáà àgbà yọ nǹkan lẹ́nu, ó gbé e sókè wò. Awọ ni, ó nípọn, irun ṣì wà lára ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé Coal Camp ló kígbe pé, "Ẹlẹ́dẹ̀ rè é!" Ẹ̀ẹ̀! Àwọn kan ń bì, àwọn kan ń ké "Àsítáfírúlàì!" Wọ́n bi mí pé ta ló fọwọ́ kan ọbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu mi sọ: "Èmi ò mọ nǹkan kan o. Sikirat ni mo ṣáà rí tó gbé abọ́ onídèérí bọ̀ láti Coal Camp, ló bá da ohun inú ẹ̀ sí i." Ta ni kò mọ̀ pé wọ́n ń ta ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn awakùsà ní Coal Camp?

Sikirat ní, "Màmá Dáìsí! Ata mà ni! Ẹ̀yin lẹ rán mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn." Ó kúnlẹ̀, ó di ìró mi mú. "Màmá, ẹ wo ojú mi." Mi ò wò ó. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Sàbúrátù, ìwọ lo wá sọ pé, "Màmá Dáìsí ò lè purọ́ mọ́ èèyàn." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Sikirat parí sí.

Èmi náà ni mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀ Ọ̀nìṣà, ibi tí yóò ti gba Ìṣẹ́yìn lọ. Gbogbo yín ń bínú, èmi wá ń ṣe bí aláàánú. Fatimah, o di aṣọ ìyá ẹ mú, ò ń ké, èmi ni mo já ọ gbà lára ẹ̀. Sikirat ò bú mi. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wo ọmọ mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ebi pa á." Mo fún ọ lóúnjẹ, mo dì ọ́ nírun, o sì ń pè mí ní Mama. Gbogbo ìgbà tí o bá pè mí bẹ́ẹ̀ lojú ń tì mí.

Ǹ bá tún dákẹ́ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday, Fatimah wọlé wá, ó ní wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì òun. Ó fi orí lé mi láyà, ó ní, "Mama, na you go siddon for my mama chair o. I no get another person." Sàbúrátù náà ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Àlùfáà àgbà ti kú, mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀ ẹ́. Fatimah, ìwọ tí ò ń lọ sílé ọkọ, bí ohun kan bá ṣẹ́kù tí kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó wà níwájú ẹ, dà á nù. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní apà. Sàbúrátù, má tíì sọ pé o dárí jì mí, àánú ẹ ti pọ̀ jù. Alárápé aláṣọ òfì tó ti Ìṣẹ́yìn dé sọ fún mi pé Sikirat ṣì wà, kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Bàbá Fatimah, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ rán ẹnìkan láàárọ̀ ọ̀la. Kó sọ fún un pé Màmá Dáìsí ti jẹ́wọ́, kó wá jókòó sí àga ẹ̀ lọ́jọ́ yìgì ọmọ ẹ̀. Bí ó bá bá mi láyé, ẹ gbé mi lọ síwájú ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, màá wo ojú ẹ̀.