Àpò Kan Ṣoṣo tí Mo Gbé Lọ fún Àǹtí Jẹ́jẹ́

Ife tíì ló là mí lójú, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ kú ìdárò o, ẹ kú ìrọ́jú.

Ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé-ìwé fi ń wo orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí wọn, èmi ni mo kọ ọ́, ó sì ń wọ́ bí ìgbín. Ọ̀gá wa ní ká ra kọ̀ǹpútà tó lágbára sí i. Àǹtí Jẹ́jẹ́ tí à ń ṣọ̀fọ̀ wọn lónìí, àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní, "Ẹ ra kí ni? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ."

Wọ́n ní kí n ṣí ibi tí gbogbo ìbéèrè tí à ń bi dátábéèsì, ibi tí gbogbo orúkọ wà ní ìpamọ́, ti ń hàn. Háà! Ìbéèrè kan náà ló kún ibẹ̀ bámúbámú: ta ni òbí ọmọ yìí? Ta ni òbí ọmọ yìí? Orúkọ ọmọ nìkan ló ń yí padà.

"Àǹtí, èmi kọ́ ni mo kọ ìyẹn o."

"Ètò kọ̀ǹpútà tó o fi ṣe ògbufọ̀ sáàárín ìwọ àti dátábéèsì ló ń bá ẹ kọ ọ́. Ó yá, lọ gbé tíì wá fún gbogbo wa. Ife kan lẹ́ẹ̀kan o!"

Mo lọ, mo bọ̀. Mo lọ, mo bọ̀. Nígbà tó sú mi, mo ní, "Ṣé kò sí àwo pẹrẹsẹ tí mo lè fi gbé e pọ̀ ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ògbufọ̀ rẹ!"

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lóòótọ́, pé kó máa kó gbogbo ọmọ àti òbí wọn wá lẹ́ẹ̀kan náà. Kíá ni ojú ewé ṣí.

Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni mo lọ lò níbi tí kò yẹ.

Nígbà tí àìsàn gbé Àǹtí dé ọsíbítù, wọ́n pè mí: "Àbúrò, bá mi mú kóòmù mi wá." Mo lọ, a rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n tún pè, ó di awò ojú. Wọ́n tún pè, ó di ìbọ̀sẹ̀. Mo wá ṣe bí ọlọ́gbọ́n: "Àǹtí, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́, kí n kó o wá lẹ́ẹ̀kan náà."

Wọ́n ní, "O mà ti mọ iṣẹ́ o."

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, mo fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò pè mí mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ ní kí n mú wá?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé kóòmù ni wọ́n ń wá ni?

Àǹtí mi, ẹ máa lọ ní jẹ́jẹ́ yín. Kí ọ̀nà yín tutù. Èmi ni mo kánjú, ẹ̀yin ẹ má kánjú.

Màmá wọn ló jókòó níwájú yìí. Wọ́n ní kí n kó ẹrù Àǹtí tó kù níbi iṣẹ́ wá sílé fáwọn: ife, súwẹ́tà, bàtà, rédíò kékeré. Páálí kan gbà á pátá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kó o wá lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ẹ máa bá mi bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí n máa mú un wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?