Èpè Tí Mo Ṣe Àmín Sí

Ìyá Àsíyàt, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé abọ́ ẹ̀kọ yẹn sílẹ̀. Kíndìnrín mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wọlé, ẹ wá gbọ́ irú ẹni tí bàbá yín jẹ́.

Nígbà tí Ìyá Àsíyàt tí ẹ ń wò yìí fẹ́ yá owó láti fi ra ilẹ̀ ní àdúgbò Bobiel, kí wọ́n kọ́ ilé ayálégbé sí i, èmi tí mo gbọ́ Faransé ni wọ́n mú lọ sí báǹkì. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi nínú ilé wọn ní Lamordé, àwọn ló sanwó ilé ìwé tí mo ti kọ́ Faransé náà. Ẹ ò rí ayé mi! Wọn ò mọ̀ pé onílẹ̀ ti ṣèlérí ìpín tèmi fún mi nínú owó ilẹ̀ náà.

Mùsíyè Ṣáàlì, ará Burkina tí kò gbọ́ Hausa tí kò gbọ́ Zarma, àfi Faransé nìkan, ló ń gba àwọn tó fẹ́ yáwó nímọ̀ràn níbẹ̀. Ó wo ìwé wa, ó mi orí. Ó ní, "Sọ fún màmá kí wọ́n má fi ilé wọn ṣe ìdúró fún owó yìí. Èlé owó yìí á ju owó ilé tí wọ́n máa rí gbà lọ. Kí wọ́n rọra fi ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀."

Ìyá yíjú sí mi. "Àhmàd, kí ló wí? Ṣé kò sí èlé níbẹ̀? O mọ̀ pé n kì í fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Kò sí o, Ìyá. Owó iṣẹ́ lásán ni. Ó ní ọjà rere ni, kí ẹ má jẹ́ kó bọ́." Mo wá sọ fún Ṣáàlì pé Ìyá ti gbọ́, àmọ́ wọ́n ní àwọn á yá a bẹ́ẹ̀. Ìyá tẹ̀ka, wọ́n sì ṣàdúà fún Ṣáàlì.

Owó kò ṣeé san, báǹkì sì gba ilé Lamordé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù Ìyá síta, wọ́n tẹ́wọ́ sókè níwájú gbogbo àdúgbò: "Olúwa, ọkùnrin Burkina tó tàn mí yẹn, má jẹ́ kó rí ìsinmi!" Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ òótọ́ fún wọn! Ṣé mo lanu? Mo lanu o. Àmín ni mo ṣe, ohùn mi sì ròkè ju ti gbogbo èèyàn lọ. Inú yàrá kan ní Wadata ni Ìyá ń gbé báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀kọ wá fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ àjèjì yìí, tí àwọn ìyá yín ń mú dání lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀, ohun tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ sọ, kó dùn mọ́ yín, kó má dùn. Ìyá mi, n kò tíì ní kí ẹ foríjì mí. Ẹ kọ́kọ́ yọ Ṣáàlì kúrò nínú èpè yẹn. Orúkọ tó yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sọ mí.