Ọ̀nà Ló Gé E

Nínú takisí tó ń ti Òde-Ayé bọ̀ wá sí Òkìtìpupa, obìnrin méjì kan jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, jẹjẹrẹ ọmú sì ti ṣe àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kókó nìkan ni wọ́n yọ fún mi n'Íbàdàn. Kí ló dé tí dókítà ìhín fi gé tiyín kúrò pátápátá?"

"Dókítà kọ́. Ọ̀nà ló gé e."

"Ọ̀nà báwo?"

"Ó ní bí òun bá dá ọmú sí, àfi kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tan iná sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì sí nítòsí, n'Íbàdàn lọ́hùn-ún ló wà. Ta ni yóò bá mi yan gààrí? Mo ní kó máa gé e lọ, ẹ̀mí ni mo fẹ́."

"Ẹ ò bá sọ fún mi! Ṣebí mo nílé n'Íbàdàn?"

"Yàrá kan ṣoṣo, ìwọ, ọkọ, ọmọ mẹ́rin!"

Bí awakọ̀ ṣe dúró gbé èrò kan sí i nìyẹn, tó ní ká sún. Ẹ̀gbọ́n fa àbúrò rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ tí wọ́n ti gé ọmú, ó bú sẹ́rìn-ín:

"Sún mọ́ mi níbí jàre. Àyè ti wà níbẹ̀ báyìí."