Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ọ̀gá Fagi Lé

Alága ìjókòó, ọ̀gá mi, Vendelín Hroboň. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ la yìnyín ìlú Žilina kọjá kí ẹ tó débí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ògbufọ̀. Màmá Margita Varcholová tí ẹ jókòó lẹ́bàá fèrèsé: mo kí yín o. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Želmíra kò ní pẹ́ lórí ìdúró.

Ẹ ti yìn mí títí ojú fi ń tì mí. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù lẹ́nu mi, ta ló ń bá mi wá a bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ forí jì mí: mo máa ń kanra, kò sì sí ẹni tí n kò mu kọfí rẹ̀ rí nínú yín. Ṣùgbọ́n n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ Imrich.

Ẹ rántí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá yẹ ilé-iṣẹ́ páálí wò, Ọ̀gbẹ́ni Pelham. Ó wo bí òṣìṣẹ́ ṣe ń pa ooru omi híhó: tẹ ibí, yí ọ̀hún, dúró kí iná tàn, padà wá tẹ ibí. Ó kọ ọ́ pé ọ̀nà náà jẹ́ "convoluted", pé wọ́n lọ́ ọ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. "Zložitý" wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni zložitý lédè wa? Ó díjú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú aago pàápàá díjú, a sì ń yìn ín. Mo kọ "prekombinovaný", ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n àpọ̀jù bàjẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọ̀gá pè mí.

"Želmíra, ṣé orí rẹ pé báyìí? O fẹ́ pe oníbàárà wa ní òpònú?"

"Ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́."

"Gẹ̀ẹ́sì ti bá bàálù lọ. Àwa la máa fojú kàn wọ́n lọ́la. Kọ zložitý, jẹ́ kí n sinmi."

Mo jiyàn títí ohùn mi fi ha. Ó fúnra rẹ̀ fagi lé e. Àwọn oníléeṣẹ́ kà á, inú wọn dùn. Wọ́n ṣe bí ìyìn ni.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, páìpù ooru bẹ́ nílé-iṣẹ́ páálí náà. Imrich, ọmọ Màmá Margita, ló wà nídìí ẹ̀rọ, kò sì jáde láàyè. Ẹni tó yè níbẹ̀ sọ pé ó ń tẹ̀, ó ń yí, ó ń kígbe pé, "Kí ló tún kàn? Kí ló tún kàn?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló dá a lóhùn?

Níwájú àwọn olùwádìí, wọ́n bi mí léèrè ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ọ̀gá tẹjú mọ́ mi. Mo sọ ọ́. Ọ̀gá mi, láti ọjọ́ náà ẹ ò kí mi mọ́, àfi àárọ̀ òní tí ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo gba ìkíni yín. N kò ní purọ́ pé ó ti tán nínú mi.

Àwọn oníléeṣẹ́ tú gbogbo ohun títẹ̀ àti yíyí náà dànù, wọ́n fi ọwọ́ irin pupa kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Màmá Margita ní kí n mú òun lọ wò ó. Ó dì í mú, ó fà á wálẹ̀. Ariwo ooru náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Želmíra, ó mà rọrùn o."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo ń fi àga sílẹ̀ fún, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu yín pa ọmọ ọlọ́mọ. Kí ẹni tó bá ní kí ẹ bomi la òótọ́ má borí yín. Màmá, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ilé yá o. Gbogbo yín pátá, ẹ ṣé o.