Àpótí Tí Mo Kọ́ Ní Irọ́

Òótọ́ ti pẹ́ nínú mi, ẹ̀yin ọmọ, ó sì ti tó àkókò tó yẹ kó jáde, nítorí èmi tí mo fi í pamọ́ ò ní pẹ́ mọ́ láyé. Dókítà ní ọkàn mi ń lù bí onílù tó ń tòògbé sórí ìlù ara rẹ̀. Ẹ gbéra láti Kingston, ẹ gba ojú ọ̀nà etíkun wá bá èmi Ransford Tulloch ní Port Antonio níbí, ẹ ní kí n sọ ìdí tí sípíkà àtijọ́ méjì tó wà ní yàrá mi fi dára ju àwọn tuntun lọ fún ẹni tó ń po orin, tó ń da ohùn akọrin àti ti ohun èlò pọ̀ di ọ̀kan. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n ò lè yìn wọ́n kí n má sọ ohun tí mo fi wọ́n ṣe. Ẹ jókòó dáadáa. Iṣin àti ẹja oníyọ̀ ló wà níwájú yín yẹn, ẹ máa jẹ ẹ́; bóyá tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, kò ní lè gba ọ̀fun yín kọjá mọ́.

Ọ̀gá Hylton, tó ni sítúdíò tí mo ti lo ìgbà èwe mi, ló kó wọn wọkọ̀ ojú omi wá láti England. Ẹ̀yìn ilé ni sítúdíò yẹn wà, lábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan. Tí máńgòrò bá já lu páànù, a ó dá téèpù dúró, a ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà lákọ̀tun. Igi tó nípọn ni wọ́n fi kan àpótí méjèèjì, bébà ni ẹnu ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, aṣọ sílíkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni ẹnu kékeré tó wà fún ohùn tínrín. Sípíkà tuntun dà bí àna tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ: gbogbo ohun tó o bá ṣe ló dára. Àwọn àtijọ́ yìí dà bí ìyá ọkọ: á wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ibi tó o ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ gan-an ló máa fi ìka kàn. Tí béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, bá dún nínú wọn, ó dún; tó bá sì tó kó dákẹ́, á dákẹ́, kì í wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ ọ̀lẹ. O lè jókòó síwájú wọn láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀, orí ò ní fọ́ ọ. Ohùn èèyàn ni wọ́n sì mọ̀ jù. Tí obìnrin kan bá kọrin, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i láàárín àpótí méjèèjì, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun wọlé. Orin tó bá ti rọrùn níbẹ̀ á rọrùn níbi gbogbo: nínú táksí, nínú rédíò kékeré olóhùn tínrín ní ilé ọtí, ní àgbàlá tí wọ́n ti ń jó. Ọ̀gá Hylton a máa ní èèyàn lè purọ́, téèpù lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n àpótí wọ̀nyẹn ò mọ irọ́ í pa. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn ni mo sọ di ọ̀bẹ.

Icilda Morant ni orúkọ ẹni tí mo fi í gún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé nígbà tí ọ̀gá gbà á láti máa gbé tẹlifóònù. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọra rọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá Ransford, ẹ má bínú o. Gìtá yẹn dúró síwájú akọrin." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó wá tì í kúrò níbẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ti rí i. Ó wá lóòótọ́, ó fa ohùn gìtá sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ohùn akọrin náà sì rìn jáde bí ìgbà tí ìkùukùu bá ká lórí Òkè Búlúù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Inú mi dùn sí i, ẹ má rò pé inú mi ò dùn. Tó bá ń po orin, ojú rẹ̀ á wà ní pípadé, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń wá ẹja lábẹ́ omi. Ó máa ń dá gbohùngbohùn, ìró tó ń tẹ̀lé ohùn lẹ́yìn, sílẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi tó ń kúrò ní èbúté: wàá máa wò ó, wàá máa wò ó, o ò sì ní mọ ìgbà tó di òfìfo. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán ni gbogbo wa jókòó ti orin rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni oorun tó gbé wa lọ.

Nígbà tó yá, àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára mi. Wọ́n á kí mi tán, wọ́n á ní, "Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́, ṣé ó wà nílé?" Ọ̀kan lára wọn tiẹ̀ fọwọ́ bà mí léjìká pé kí n má bínú, èmi náà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí Icilda bá po orin òun, òun máa ń gbọ́ ohùn ìyá òun tó ti kú nínú rẹ̀. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Eyín ló rẹ́rìn-ín, inú ò rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àgbà òfìfo, tó ń jowú ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Ẹ̀yìn àpótí kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n fi ń yí ohùn tínrín sókè tàbí sílẹ̀. Ìlà funfun kan wà lórí ìdérí rẹ̀ tó ń fi ibi tí a yí i dé hàn, ṣùgbọ́n ìdérí náà ṣeé fà yọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo wọn wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń jẹun. Mo gbọ́ ẹ̀rín Icilda láti ìta. Mo fa ìdérí yọ, mo yí ọ̀pá kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, mo sì dé e padà kí ìlà funfun lè wà níbi tó ti máa ń wà; mo ṣe ti àpótí kejì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á rí i pé nǹkan kan ò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síwájú àpótí náà á gbọ́ ohùn tínrín bí ẹni gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn aṣọ, á sì máa fi kún un títí á fi tó o létí. Orin náà á wá dùn nínú sítúdíò, tó bá jáde síta, á di abẹ. Tó bá kan èmi láti ṣiṣẹ́, mo máa ń dá a padà sí ipò rẹ̀. N kò ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ alábàágbélé rẹ̀.

Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn dé àgbàlá ijó, ó ń gé etí bí ìgò tó fọ́, ẹnu akọrin ń súfèé bí ejò. Wọ́n dá a padà. Icilda yẹ àwọn wáyà wò, ó nu orí ẹ̀rọ téèpù, ó lọ sẹ́yìn àpótí, ìlà funfun wà níbi tó yẹ. Ó tún òmíràn ṣe, ìyẹn náà ń gé etí. Ẹnikẹ́ni ò fẹ̀sùn kan àpótí, ṣé wọn ò mọ irọ́ í pa ni. Àwọn onígìtá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀fẹ̀ pé ata pọ̀ nínú ọbẹ̀ ọmọbìnrin yìí. Ọ̀gá Hylton ní kó lọ rí dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀. Ó bọ̀ láti ibẹ̀ lọ́sàn-án, ó bá èmi nìkan. Orin tó ń ṣe lọ́wọ́ wà lórí ẹ̀rọ, orin obìnrin kan tó ń kí ọkọ rẹ̀ tó wà lójú òkun. N ò tíì gbọ́ ohun tó dùn bẹ́ẹ̀ rí, títí dòní. Ó jókòó tì mí.

Ó ní, "Dókítà ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n dókítà kì í po orin. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ bá mi gbọ́ ọ, ẹ má ṣàánú mi. Ṣé etí mi ni?"

Ẹ̀yin ọmọ, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti yí bọ́tìnì náà. Kí n na ọwọ́ mi sẹ́yìn àpótí ló kù. Mo di ojú mi bí òun ṣe máa ń dì í, mo jẹ́ kí orin náà dún dé òpin, mo ṣe bí ẹni tó ń fara balẹ̀ gbọ́. Mo ní, "Etí rẹ ni, Icilda. Ó ti ń lọ." Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, mo tún fi ohùn bàbá sọ fún un pé ó máa ń ṣe àwọn tó bá fetí sílẹ̀ jù. Ó mi orí. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Gbogbo wọn ló ń tàn mí, ẹ̀yin nìkan lẹ ò tàn mí." Ó mú báàgì rẹ̀, ó bá abẹ́ igi máńgòrò jáde, kò padà wá mọ́. Mo dá bọ́tìnì sí ipò rẹ̀, mo dín ohùn tínrín tó ti fi kún orin náà kù, n ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, mo sì fi orúkọ mi sí i. Orin yẹn ni ẹ̀yin fi mọ̀ mí. Òun lẹ ń kọ lẹ́nu nígbà tí ẹ ń gun àkàsọ̀ mi bọ̀ láàárọ̀ yìí.

Iyì ń wọlé tọ̀ mí, Icilda sì ń rán aṣọ ilé ìwé ní ìlú May Pen. Mo máa ń gbúròó rẹ̀. Wọ́n ní kò gba rédíò láyè nílé rẹ̀, pé tí bọ́ọ̀sì bá fun fèrè lójú títì, á bi aládùúgbò bóyá òun náà gbọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá kan náà: mo wà nínú sítúdíò, òjò ń rọ̀ lórí páànù, mo ń rí i bó ṣe ń ṣàn lójú fèrèsé, kò dún rárá. Ọ̀gá Hylton kú, wọ́n ti sítúdíò pa, wọ́n sì kó àpótí méjèèjì fún mi pé èmi ló tọ́ sí. Mo gbà wọ́n. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí dókítà sọ ti ọkàn mi fún mi lọ́dún yìí, mo ní kí wọ́n bá mi fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí May Pen. Ó wà lórí ìjókòó lẹ́nu ilé, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, irun rẹ̀ ti funfun. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bọ̀dá Ransford, ẹsẹ̀ òsì yín ti ń wọ́lẹ̀." Ìdúró tí mo wà náà ni mo ti sọ ohun gbogbo, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bu oyin sí i. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní kí wọ́n gbé àwọn àpótí wọlé, kí n fi orin náà sí i bí òun ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Téèpù tó fi sílẹ̀ gan-an, tí n ò tún ṣe, wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní kí n yí bọ́tìnì síbi tí mo yí i sí. Mo yí i. Ó di ojú rẹ̀. Orin náà tẹ́jú pẹ̀sẹ̀ bí òkun ìdájí. Ó ní kí n wá dá a padà. Mo dá a padà, orin kan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé wa létí.

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí téèpù fi yí tán. Ó wá ní, "Mo gbọ́ dáadáa nígbà náà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Títí dòní, mo ń gbọ́ dáadáa."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ yẹn le jù fún eékún àgbà. Ó ní ìdáríjì ò sí lọ́wọ́ òun lónìí, òun ò sì mọ̀ bóyá ó máa dé kí n tó lọ. Ó ní kí n kó àpótí mi, àwọn kọ́ ló ṣẹ òun. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà fún yín. Gbogbo àwọn tó gbọ́ pé etí mi kú, ẹ lọ sọ fún wọn." Mo ní púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ó ní, "Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?" Nígbà tí ọkọ̀ wa yí sí títì, mo bojú wẹ̀yìn. Kò padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilé, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ àdúgbò.

Ìdí tí mo fi gbà kí ẹ wá nìyẹn. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, kí ẹ sì bẹ obìnrin náà tí ẹ bá gba May Pen kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má fi dandan lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì lọ́mọdé nídìí iṣẹ́ yìí, tí ẹnì kan bá mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó dùn yín, ẹ lọ sunkún sẹ́yìn ilé, kí ẹ padà wá gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tó fi ń dá ara rẹ̀ lójú. Ní ti orin tí ẹ ń kọ bọ̀ yẹn, tí ẹ bá dé Kingston, kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ mi sí i mọ́. Icilda Morant ló po ó. Etí rẹ̀ ò kú rí.