Òpó Góòlù Tí Mo Fà Tu Ní Ìsàlẹ̀-Odò

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ mi lára láti máa bèèrè kí n tó kọ́ni. Kí ni ẹ mọ̀ nípa òpó góòlù? Ẹ ó ní igi méjì ni, wọ́n fi ìkẹta dábùú wọn lókè, bọ́ọ̀lù tó bá gba àárín wọn kọjá ti di góòlù. Ẹ gbà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé ní Bàntẹ̀, ohun tí èmi náà mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní mo mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn mi kì bá máa gbọgbẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá gba ẹ̀yìn ilé Bàbá Ìdòwú kọjá, tí mo rí ebè iṣu tó tò láti ibi tí aṣọ́lé wa máa ń dúró sí títí dé àárín pápá. Èmi ni mo kọ ebè wọ̀nyẹn. N kò di ọkọ́ mú o, ṣùgbọ́n èmi ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní àkókò tí ìjọba ṣì ní ká máa pe ara wa ní kámárádì nínú ìpàdé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wà ní Ìsàlẹ̀-Odò, àdúgbò àtijọ́ kan ní ìlú náà. Ẹkùn là ń pe ẹgbẹ́ wa. Èmi ni akọ̀wé, Sulé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni balógun, Pásíkà tó ga bí igi àgbọn sì ni aṣọ́lé. Ilẹ̀ Bàbá Ìdòwú ni a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé òpó méjèèjì tó wà níhà ilé rẹ̀ wá láti Àgúà, orí ló fi rù wọ́n, igi tí ikán kì í jẹ ni. Kò mọ òfin bọ́ọ̀lù kankan. Bí wọ́n bá fẹsẹ̀ kọ ẹnì kan tó ṣubú, ìjà ni Bàbá ń pè é, á sì dìde lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ láti wá là wọ́n. Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó rẹ̀, a máa gbé ìkòkò omi sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún wa. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, àfi pé ká kí wọn ká tó wọlé, ká sì tún kí wọn ká tó lọ.

Lẹ́yìn náà ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ẹ̀bá títì tó lọ sí Savalu. Ẹni tó bá ti gbéyàwó, ibẹ̀ ló ń kó lọ. Páànù wọn ń kọ mànà láti òkèèrè, a sì ń pe ibẹ̀ ní Ilé-Páànù. Nínú agbábọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ní, mẹ́sàn-án ló ti ń sùn níbẹ̀. Ọmọ wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀, pápá kò sí. Ọ̀gbẹ́ni Rájí, ará Nàìjíríà tó ń ta epo bẹntiróòlù níbẹ̀, tún ní òun á rán aṣọ fún gbogbo ẹgbẹ́ bí a bá lè wá máa gbá bọ́ọ̀lù ní iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ìjòyè àdúgbò kan sì nawọ́ sí ilẹ̀ gbalasa kan pé ká máa lò ó.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi ni a ti ṣe ìpàdé. Mo ya àwòrán ìlú sí ojú pátákó, mo fi ẹfun funfun ṣe àdúgbò àtijọ́, mo fi pupa ṣe Ilé-Páànù, mo fi hàn wọ́n bí pupa ṣe ń tàn kálẹ̀.

"Ta ló tún ń wá wò wá ní Ìsàlẹ̀-Odò?" ni Sulé wí. "Ewúrẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ló kù."

"Ewúrẹ́ yẹn mọ bọ́ọ̀lù jù ọ́ lọ," ni Pásíkà dá a lóhùn. "Kò gbá a sí góòlù ara rẹ̀ rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, tí a sì ti fẹnu kò pé a ó kó lọ, Pásíkà kọjú sí mi. "Mẹ́tìrì, Bàbá ńkọ́? Ta ni yóò bá wọn sọ ọ́?" Mẹ́tìrì ni wọ́n ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa.

"Èmi ni," ni mo wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò sọ ọ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, ìgbà mẹ́ta ni mo kí wọn, tí a sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ òwú, tí mo sì yíjú padà. Kí ló fà á? Mo lè ṣàlàyé ohunkóhun fún ogójì ọmọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Bàbá kò ní jiyàn. Yóò kàn wò mí ni. Ìwò yẹn ni mo ń sá fún.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni a lọ fa òpó tu. Igi tuntun kò rọrùn láti rí, mo sì rò ó pé kò yẹ ká fi igi tó dára sílẹ̀ níbi tí a kò ti ní lò ó mọ́. Pásíkà di òpó àkọ́kọ́ mú, kò fà á. "Bàbá kò ní wá bá wa fà á ni?"

"Bàbá ti gbọ́," ni mo dáhùn.

Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń ka orúkọ àwọn ọmọ láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n fà á, wọ́n sì fa gbogbo ìyókù tu. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń ti odò bọ̀, ó sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀.

"Mẹ́tìrì, ilẹ̀ wa ti sú yín nìyẹn?"

"Rárá o, Ìyá! Òpó nìkan la mú. Àwọn ọmọ kéékèèké á ṣì máa ṣeré níbí."

Ó wo ihò méjèèjì tó ṣí sílẹ̀ níhà ilé wọn. "Ó dáa. N ó sọ fún bàbá yín." Ó gbé omi rẹ̀, ó lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ má rò pé ibi tuntun kò dára. Ó dára! Àwọn ará Kókò ń gun alùpùpù wá wò wá, ẹgbẹ́ kan wá láti Jalúkù, a fi góòlù mẹ́ta lé wọn padà. Àwọn ìyá ń pọn ọmọ dúró sí ẹ̀bá ìlà. Mo ń yan fanda bí ẹni tó dá ìlú sílẹ̀. Àsìkò òjò kan kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ sì dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn. Wọ́n pín pápá wa sí ojúlé-ojúlé. Ìjòyè tó fún wa nílẹ̀ ti kúrò nípò, ẹnu lásán ló sì fi fún wa. Kí oṣù tó parí, ẹnì kan ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sí ibi tí a ti ń gbá pẹnárítì.

Mo sọ fún Ẹkùn pé kí wọ́n má fòyà, a ó padà sílé. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo ń lọ sí Ìsàlẹ̀-Odò. Mo bá Bàbá Ìdòwú lórí ilẹ̀ náà, ọkọ́ lọ́wọ́, ebè ti gba ilẹ̀ kan.

"Bàbá, pápá wa!"

"Pápá ta ni?" Kò bínú o, ìyẹn ló dùn mí jù. "Ẹ ti dá ilẹ̀ padà fún mi."

"A kò dá a padà, Bàbá."

"Mẹ́tìrì, ará Savalu ni ọ́, bóyá wọn kò sọ fún ọ." Ó jókòó sórí ebè, ó sì ṣàlàyé fún èmi tó ń ṣàlàyé fún ayé. Ní ilẹ̀ wọn, ẹni tó bá yá ilẹ̀ dá oko a ri igi kan mọ́ ọn. Níwọ̀n ìgbà tí igi náà bá wà lóròó, bí koríko tilẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, onílẹ̀ kò ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí ayálẹ̀ bá ṣe tán, á wá pe onílẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ fa igi náà tu, wọ́n á mu omi nínú agbè kan náà, ó parí. "Ká ní o fi ẹyọ kan péré sílẹ̀, ǹ bá máa dá oko mi ní Jalúkù títí n ó fi kú, n kò ní fọwọ́ kan ibí. Nígbà tí ìyá yín sọ fún mi, mo fọ agbè. Mo jókòó síbí yìí. Mo ní, Mẹ́tìrì ń bọ̀ wá mu omi."

"Títí di ìgbà wo lẹ fi dúró, Bàbá?"

"Gbogbo àsìkò òjò."

Mo sọ òtítọ́ fún Pásíkà lọ́jọ́ náà. Kò bú mi. Ó kó ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé rẹ̀, ó lọ bá àwọn ará Kókò. Sulé kò pè mí ní Mẹ́tìrì mọ́, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ló ń pè. Ẹkùn tú ká. Ọmọ Ilé-Páànù kò ní pápá, ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò kò ní.

Òpó méjèèjì tí Bàbá fi orí rù láti Àgúà ṣì wà, mo fi wọ́n ti ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi. Ikán kò jẹ wọ́n lóòótọ́. Ṣé kí n rù wọ́n padà fún un? Bí mo bá gbé wọn dé, ṣé kò ní rò pé ilẹ̀ ni mo tún wá tọrọ, nígbà tó jẹ́ pé omi inú agbè yẹn ni mo ń fẹ́ mu? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mo bẹ̀ yín.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ bá mi dán nǹkan kan wò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wá ohun kan tí ẹ ń lò tí kì í ṣe tiyín, ìbáà jẹ́ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ìjókòó lábẹ́ igi ẹlòmíì. Ẹ lọ bá ẹni tó ni ín nígbà tí ẹ kò tíì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ bi í pé, "Bí mo bá mú nǹkan mi kúrò níbí, kí ni yóò túmọ̀ sí lójú yín?" Kí ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kó dáhùn.